Ẹsẹ̀ Òsì Mi àti Oògùn Ara Ríro Tí A Ń Gbé Mì ní Bọ́ládé

Ẹ̀yin tí egbò wà lẹ́sẹ̀ yín, tí ẹ ti fi oríṣiríṣi nǹkan kùn ún tí kò gbọ́, ẹ̀yin ni mo kọ èyí sí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, òun náà ni mo fi ń kọ ọ́. Bùsọ́lá ọmọ mi ló bá mi fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé ẹ̀rí inú ìjọ ni mo fẹ́ jẹ́. Ẹni tó ń jẹ́rìí nínú ìjọ á sunkún díẹ̀, á dúpẹ́, á padà lọ jókòó. Èmi náà dúpẹ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì ṣe tán tí mo fi máa jókòó.

Bàtà òkìríkà ni mò ń tà ní Bọ́ládé, ní Òṣòdì. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé orí ìdúró la ti ń ṣe é. Àga kan ṣoṣo tí a ní, ti oníbàárà ni. Òun á jókòó, àwa á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ láti bá a ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ẹsẹ̀ mìíràn á sì máa rùn débi pé o máa fẹ́ fún un ní bàtà náà lọ́fẹ̀ẹ́ kó lè tètè fi bo nǹkan. Tí ìrọ̀lẹ́ bá fi máa lẹ́, ẹ̀yìn á ti gan, orúnkún á máa dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

Àsìkò yẹn ni Dókítà Oníke máa ń dé. Dókítà tí mo wí yìí kò kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé dókítà rí. Ike ńlá kan ló ń gbé sórí, ó to páálí oògùn yí i ká títí tó fi ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó máa ń di oògùn sínú ọ̀rá kékeré: ẹyọ funfun kan, ẹyọ oníyẹ́lò kan, àti ẹyọ tínńtín kan tí ojú kì í fẹ́ rí. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ là ń pè ní ara ríro. "Dókítà, fún mi ní ara ríro." Gbogbo ìsọ̀ tó wà lágbègbè wa ló ń rà á. A ó fi píọ̀ wọ́tà gbé e mì, a ó palẹ̀ ọjà mọ́, kí a sì tó dé ilé, ara á ti fúyẹ́ bíi ti ẹni tó sùn láti àárọ̀.

Èmi gbé e mì títí mi ò rántí ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ta ló ń rántí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi? Mò ń jẹun dáadáa. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi yọ, ojú mi rí roboto bíi ti ọmọ tí wọ́n fi wàrà tọ́. Àwọn èèyàn wa tó bá rí mi á ní Bàbá Bùsọ́lá mọ ìyàwó tọ́jú. Ọkọ mi á rẹ́rìn-ín, á gba ìyìn tí kò ṣiṣẹ́ fún.

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò tó nǹkan. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n máa ń fi di béèlì, ìdì ńlá tí bàtà ń bá dé. Mo fi ẹ̀mú gé e bí mo ṣe máa ń gé e, irin náà fò padà, ó fi etí rẹ̀ ya mí lọ́rùn ẹsẹ̀ òsì. Mo fi àkísà dì í, mo sì ń bá oníbàárà ná ọjà lọ. Mo tiẹ̀ bá béèlì náà ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní owó tí mo san lórí ẹ̀ kò tó o ni, tó tún fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ kún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi etí sí ibí yìí, nítorí òun ni àmì àkọ́kọ́, òun náà ni mo sì fi ṣe ẹ̀rín. Egbò tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré, á kọ́kọ́ pọ́n, á wú díẹ̀, á gbóná, á máa ta èèyàn. Lẹ́yìn náà á gbẹ, á so èèpá, èèpá á bọ́. Èyí kò ṣe ìkankan nínú ẹ̀. Kò pọ́n. Kò gbóná. Kò fi bẹ́ẹ̀ ro mí. Ó kàn la ẹnu sílẹ̀, ó ń wò mí lójoojúmọ́. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, egbò oníwà pẹ̀lẹ́ ni Ọlọ́run fún mi. Ìwà pẹ̀lẹ́ tó ń wá ọ̀nà láti gbé ẹsẹ̀ mi lọ.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ tí kò jinná, mo fi han Dókítà Oníke. Kò tilẹ̀ sọ ike kalẹ̀ kó tó wò ó. Ó ta kápúsù fún mi, ó ní kí n máa tú u, kí n máa da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò. Mo dà á. Gbogbo wa la ń dà á. Tí wọ́n bá tú ẹsẹ̀ àwọn ará Bọ́ládé wò, kápúsù tó wà nínú egbò wa pọ̀ ju èyí tó wà nínú ikùn wa lọ. Mo dúró ti kápúsù, mo tún ń gbé ara ríro mì nírọ̀lẹ́, ẹnì kan náà ló ń ta méjèèjì fún mi, ó sì ń kí mi kú ìnáwó.

Ìyá ọkọ mi wá bá wa láti Ìwó ní àsìkò náà. Yàrá méjì là ń gbé ní Òkè-Àfà, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fi egbò pamọ́ fún ìyá ọkọ nínú yàrá méjì. Ó ní ìtọ́jú ilé ìwòsàn kò sí nínú ọ̀rọ̀ egbò, omi gbígbóná ni. Láràárọ̀, kí n tó jáde, á gbé kẹ́tùlù kaná, á bu iyọ̀ sí i, á ki táwẹ́ẹ̀lì bọ̀ ọ́, á fi tẹ ojú egbò náà mọ́lẹ̀, á máa ha á, títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ. Ó ní tí ẹ̀jẹ̀ bá ti yọ, ó ti mọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà á da sípíríìtì lé e.

"Màmá, ó ń ta mí."

"Ó gbọ́dọ̀ ta ọ́. Ìyàwó wa, ṣé o rò pé eré la wá ṣe?"

"Màmá, ẹran ara mi lẹ ń ha kúrò yìí."

"Ẹran búburú ni. Ìwọ ṣáà mú ẹsẹ̀ dúró."

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bí ẹran tuntun bá fi òru hù bí ìwọ̀nba ewé ẹ̀fọ́, a ó fi àárọ̀ bó o sílẹ̀. A ó wá máa bi ara wa pé kí ló dé tí kò hù.

Nígbà tó yá, egbò oníwà pẹ̀lẹ́ fi ìwà sílẹ̀. Ó fẹ̀, ó jìn, ó ń ṣọyún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Èmi tí mo ti ń fi òórùn ẹsẹ̀ oníbàárà ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, èmi ni oníbàárà wá ń fa imú sí. Sálúbàtà ni mò ń wọ̀ sí ẹsẹ̀ kan, bándéèjì sí èkejì. Ọmọkùnrin kan wá ra kánfáàsì, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ìyá oníbàtà, ọjà yín ò bá yín mu ni?" Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo sì fi owó lé ọjà rẹ̀.

Ẹni tó yí mi lọ́kàn padà ni Bàbá Aláago. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́. Nínú béèlì, a máa ń rí bàtà tí kò ní èkejì. Mo ní àpò kan tí mò ń kó wọn sí, bàtà opó ni mò ń pè wọ́n. Bàbá Aláago, tó ń tún aago ṣe ní Ìsọlọ̀, ló máa ń wá rà wọ́n, nítorí ẹsẹ̀ òsì nìkan ló ní. Ọ̀tún ti lọ láti orúnkún. Ọ̀pá méjì ló fi ń rìn, ó sì mọ ọjà ná ju ẹlẹ́sẹ̀ méjì lọ.

Lọ́jọ́ náà, ó ti ki ọwọ́ bọ àpò opó, ó ń wá kánfáàsì òsì, kó tó rí bándéèjì mi.

"Ẹsẹ̀ wo nìyẹn, Ìyá Bùsọ́lá?"

"Òsì ni, Bàbá."

"Ó mà dáa o. Òsì ló kù fún èmi. Tí wọ́n bá gba òsì lọ́wọ́ rẹ, ọ̀tún ló máa kù fún ọ. A ó máa da owó pọ̀ ra bàtà kan, èmi á mú apá kan, ìwọ á mú apá kejì. Mi ò tún ní ra bàtà opó mọ́ láyé."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi, mo gbá a lápá, mo ní Bàbá, ẹ ò ní pa mí. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ó wo ẹsẹ̀ náà títí, ó ní, "Bí tèmi náà ṣe rí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń fi rẹ́rìn-ín. Gba ọsibítù lọ." Kò tiẹ̀ ra kánfáàsì náà mọ́, ó kọrí sí ọ̀nà ilé.

Mo dé ilé, mo ní ọsibítù ni mò ń lọ. Ìyá ọkọ mi ní kí n jókòó. Ó ní òun kò fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n egbò tí kò gbọ́ omi gbígbóná kì í ṣe ojú lásán. Wọ́n ti fi nǹkan sílẹ̀ fún mi lọ́jà, mo sì ti tẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹnì kan wà ní Ìwó tó mọ bí wọ́n ṣe ń fà á jáde.

Mo ní, "Màmá, ẹni tó bá fi nǹkan sílẹ̀ fún mi ní Bọ́ládé, gbogbo Òṣòdì ló máa kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ kó tó kàn mí. Agbára á ti tán nínú nǹkan náà."

"Ẹnu ẹ yìí, òun náà ló ń dá kún un."

Bàbá Bùsọ́lá wà níbẹ̀. Káfíńtà ni, ọ̀nà Àgọ́ Palace ló ti ń kan bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó dúró láàárín èmi àti ìyá rẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí kò mọ ibi tí wọ́n fẹ́ kí òun ṣí sí. Nígbà tó yá ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ ọsibítù ná. Tí wọn ò bá rí i ṣe, a ó lọ Ìwó." Ìyá rẹ̀ kọ oúnjẹ alẹ́.

Ọsibítù ìjọba tí a lọ, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ irú rẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé ibẹ̀ ní ìdájí, ìlà ti gùn, ṣùgbọ́n kò sí èèyàn lórí rẹ̀. Bàtà ni. Oníkálukú bọ́ bàtà rẹ̀ sórí ìlà, ó lọ wá ibi jókòó sí. Inú mi kọ́kọ́ dùn, ó dà bíi pé mo dé ìsọ̀ mi. Mo wò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ti fi owó lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́kàn. Ìgbà tó kàn mí láti to tèmi ni mo rántí pé ẹyọ kan ni mo wọ̀ wá. Mo fi sálúbàtà ọ̀tún sílẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí mo fi máa padà dé láti ibi tí wọ́n ti ń ra káàdì, obìnrin kan ti gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní òun rò pé ẹnì kan ló sọ ọ́ nù, nítorí ta ló máa fi bàtà kan tò sórí ìlà. Mo sọ ohun tí mo sọ fún un. Bùsọ́lá ní òun ò ní bá mi fi àmì sí ìyẹn.

A lọ, a bọ̀. Lónìí ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kò wá. Lọ́la iná kò sí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní ṣúgà fẹ́ yọjú nínú ẹ̀, kò sì yọjú rí. Dókítà kékeré kan béèrè bóyá mò ń lo oògùn kankan, ó sì ti ń kọ̀wé lọ kí n tó dáhùn. Mo ní rárá. Owó bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n san fún Bàbá Bùsọ́lá, bándéèjì àti abẹ́rẹ́ ló jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kan, dókítà kékeré yìí pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ lórí ẹsẹ̀ mi, bíi pé ẹsẹ̀ náà kò ní ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn náà, ó fi etí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gé afẹ́fẹ́ lókè ọrùn ẹsẹ̀ mi. Mi ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì wọn, ṣùgbọ́n mo mọ bí alápatà ṣe ń fi ibi tó fẹ́ gé han èèyàn.

Mi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Bàtà kan tí Bàbá Aláago ní a ó jọ máa pín ni mò ń rò.

Ìyá nọ́ọ̀sì kan ló wà ní yàrá tí wọ́n ti ń tún egbò dì, obìnrin dúdú kan tó máa ń fi orin jẹ́jẹ́ ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan a pẹ́ níbẹ̀ títí ìrọ̀lẹ́ fi ń bọ̀, ara sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí bó ṣe máa ń ro mí ní àsìkò náà. Mo tú etí ìró mi, mo mú ọ̀rá ara ríro jáde, mo dà á sẹ́nu, mo mu omi lé e. Níwájú rẹ̀ ni o. Mi ò rò ó pé nǹkan kan ni.

"Ìyá, kí lẹ gbé mì yẹn?"

"Ara ríro ni."

"Ẹ ní ẹ kì í lo oògùn kankan."

"Mi ò lo oògùn kankan. Ara ríro ni mo ní."

Ó fi síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi ìyókù hàn mí." Mo fún un. Ó tú ọ̀rá kan tó kù sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka ya ẹyọ tínńtín náà sọ́tọ̀, ó wo ojú mi, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó yọ. "Láti ìgbà wo lẹ ti ń lò ó?" Mo ní ó ti pẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí èèyàn ń rín tí kò bá fẹ́ sunkún. Ó lọ pe dókítà àgbà.

Ohun tí àwọn méjèèjì jọ ṣàlàyé fún èmi àti ọkọ mi rèé, bó ṣe yé mi ni mo fẹ́ sọ ọ́. Wọ́n ní lábẹ́ awọ wa, ara ní àwọn ońṣẹ́ kan. Wọ́n kéré débi pé ojú kò lè rí wọn. Purotéènì ni ara fi ń ṣe wọ́n. Mo ní ṣé purotéènì inú ẹ̀wà? Wọ́n ní ìbátan rẹ̀ ni. Mo ní a jẹ́ pé ẹ̀wà ló ń jẹ́ iṣẹ́ nínú ẹsẹ̀ mi. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ṣáà gbọ́. Tí nǹkan bá gé awọ, àwọn ońṣẹ́ yìí á figbe ta. Pípọ́n, gbígbóná, wíwú àti títa tí a ń rí lára egbò, igbe wọn nìyẹn. Wọ́n ń pe àwọn tó ń jà pé kí wọ́n wá lé kòkòrò jáde, kí wọ́n kó ìdọ̀tí. Tí ìyẹn bá parí, àwọn ońṣẹ́ mìíràn á ní ó tó, ẹ dákẹ́, kí àwọn tó ń kọ́lé wọlé. Ìgbà náà ni ẹran tuntun tó ń hù.

Ẹyọ tínńtín tí mò ń gbé mì nírọ̀lẹ́, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti pa àwọn ońṣẹ́ lẹ́nu mọ́. Ìdí nìyẹn tí ara fi ń fúyẹ́. Ìdí nìyẹn tí egbò mi fi dákẹ́, tí mo ń pè é ní oníwà pẹ̀lẹ́. Wọ́n ń ké nínú lọ́hùn-ún, mo ń ki àkísà bọ̀ wọ́n lẹ́nu. Òun náà ló gbé ṣúgà wá, òun ló wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tí wọ́n fi ń yin ọkọ mi. Dókítà ní oògùn gidi ni, ó ní ibi tó ń wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi píọ̀ wọ́tà gbé mì lójoojúmọ́ ní Bọ́ládé láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ìgbà tí kòkòrò wá pọ̀ tán tí àwọn ońṣẹ́ ráyè ké díẹ̀, omi gbígbóná àti sípíríìtì ìyá ọkọ mi ń dá egbò tuntun sí i láràárọ̀, wọn ò sì ríbi dákẹ́. Ẹnikẹ́ni tó fẹ́ kọ́lé kò lè wọlé.

Bàbá Bùsọ́lá sún síwájú. Ó wá ní, "Dókítà, ìyẹn ni pé nígbà tí ilé ń jó, a ki àkísà bọ ẹni tó ń pariwo iná lẹ́nu. Nígbà tí iná fẹ́ kú, a tún ń tanná sí i láràárọ̀. Káfíńtà wá dúró síta pẹ̀lú òòlù."

Dókítà ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ọkọ mi mi orí bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ nínú iṣẹ́ tirẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ gbé kẹ́tùlù kaná. Bàbá Bùsọ́lá dìde, ó pa sìtóòfù, ó sì gbé kẹ́tùlù náà jáde síta. "Màmá, ẹ jẹ́ kí káfíńtà ṣiṣẹ́." Ìyá ní káfíńtà wo? Òun lóun bí káfíńtà. Ó bínú, ó di ẹrù rẹ̀, ó gba Ìwó lọ, ó ní tí ẹsẹ̀ náà bá gé kí ẹnikẹ́ni má pe òun. Kò pẹ́ tó fi ń pè láràárọ̀ pé ẹsẹ̀ ńkọ́. Lónìí ó ń sọ kiri Ìwó pé àdúrà òun ló wò ó. Mo ní kó máa wí, àdúrà kì í ha ẹran ara.

Àwọn tó ń lo ara ríro tó ń ka èyí, ẹ gbọ́: wọn ò jẹ́ kí n jáwọ́ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà ní ara mi ti gbójú lé e, tí mo bá jáwọ́ lójijì mo lè ṣubú lulẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, wọ́n ń yẹ̀ mí wò. Ìyà tó jẹ mí kò kéré. Eegun tí mi ò mọ̀ pé mo ní ń ro mí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wọlé, àwọn tó ti ń yin ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá ó ti fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ní yàrá bándéèjì, omi tó mọ́, tí wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sè tó sì ti tutù, ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, jẹ́jẹ́, wọ́n á sì bò ó. Kò sí híha.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, etí egbò náà pọ́n, ó sì ń ta mí bí ata. Ẹ̀rù bà mí, mo sáré lọ bá ìyá nọ́ọ̀sì. Ó tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó gbóòórùn rẹ̀, ó pe dókítà wá wò ó kó lè dá a lójú pé kòkòrò kọ́. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín. "Ìyá Bùsọ́lá, àwọn ońṣẹ́ yín ti gba ohùn padà." Mo sunkún níbẹ̀. Mi ò mọ̀ rí pé èèyàn lè sunkún ayọ̀ pé egbò ń ta òun. Nígbà tó ṣe, ìsàlẹ̀ egbò náà yọ ẹran tuntun tó pọ́n bí ìdí ọmọ tuntun, ìgbà tó yá awọ fẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Dókítà kékeré tó fi ọwọ́ gé afẹ́fẹ́ kọjá, ó ní, "Mama, well done." Mo ní ẹ kú iṣẹ́ náà, alápatà. Kò gbọ́ Yorùbá tó yẹn.

Ìgbà tí mo lè dúró, mo lọ pàdé Dókítà Oníke. Ó ń ta fún àwọn ará ìsọ̀ tó wà níwájú tèmi.

"Ìyá Bùsọ́lá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara ò ro yín mọ́ ni?"

"Ẹyọ tínńtín yìí, kí ni orúkọ rẹ̀?"

"Ara ríro ni."

"Orúkọ tí àwọn tó ṣe é sọ ọ́ ni mo bi ọ́."

"Inú ọ̀rá ńlá ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n fún mi, wọn ò kọ nǹkan sí i lára. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ìwọ lo ta egbò fún mi, ìwọ náà lo ta kápúsù egbò fún mi."

"Ìyá mi, ṣé èmi ni mo ń ya ẹnu yín tí mò ń dà á sí i?"

Kí n tó dáhùn, Ìyá Ràṣídì tó ń ta sọ́kísì nítòsí mi ti na ọwọ́ kọjá léjìká mi. "Ẹ yẹ̀ fún mi ná, Ìyá Bùsọ́lá. Ẹ ó máa bá a jà lọ. Ẹ̀yìn mi fẹ́ já, ẹ jẹ́ kí n gba tèmi."

Ìyẹn ló ń bí mi nínú. Ọmọ tó ń gbé ike yìí ò mọ ohun tó ń tà, àwa ò mọ ohun tí à ń rà, ẹni tó ń wọ̀n ọ́n nínú ọ̀rá ńlá wà níbì kan, òun mọ ohun tó jẹ́ dáadáa, kò sì ní egbò lẹ́sẹ̀. Àti dókítà tó ń kọ̀wé lọ kí èèyàn tó dáhùn. Ẹ̀yin tí egbò yín ò jinná, ohunkóhun tó bá ń kọjá lọ́nà ọ̀fun yín, àgbo ni o, ara ríro ni o, ẹ gbé e lọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀, ẹ kó o síwájú wọn. Ẹ má dúró kí wọ́n béèrè. Ẹ má sì jáwọ́ nínú rẹ̀ fúnra yín. Egbò tó bá dákẹ́ jù, ẹ má yìn ín.

Ẹsẹ̀ mi wà níbẹ̀. Àpá náà dán, ó ní àwọ̀ tó yàtọ̀, ó máa ń yún mi tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ṣúgà ti lọ sílẹ̀, wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ara ṣì ń ro mí nírọ̀lẹ́. Mo ra àga kejì sí ìsọ̀, èmi náà ń jókòó, oníbàárà tó bá bínú kó lọ.

Bàbá Aláago wá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo wọ kánfáàsì lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ó wò ó, ó wò mí.

"Ìyá Bùsọ́lá, o já mi kulẹ̀. Mo ti ní ẹni tí a ó jọ máa pín bàtà."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ wo ọ̀hún." Dókítà Oníke ti sọ ike kalẹ̀, wọ́n ti yí i ká, wọ́n ń na ọwọ́. "Ẹ lọ dúró tì wọ́n. Kò ní pẹ́ tí ẹ fi máa rí ẹlòmíràn."

Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín. Ó ki kánfáàsì òsì tó wá rà sí abíyá, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì, ó sì rìn lọ síbẹ̀ ní tòótọ́. Ó dúró ti ike náà. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ìsàlẹ̀, wọ́n wo ibi tí ẹsẹ̀ kò sí. Ìyá Ràṣídì ti ki ọwọ́ bọ ike. Mo rí i tó yọ ọwọ́ náà padà lófìfo.